Ta Ló Máa Kọ́kọ́ Mú Bọ́tìnnì?

Èmi ni mo dàgbà ju Ọdúntán lọ. Kí ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí kọ́kọ́ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí eéṣú jẹ oko run ni wọ́n bí àwa méjèèjì, ní abúlé kan náà, lẹ́bàá Ìbòkun. Ìyá mi sọ fún mi, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé ìwọ́ mi ti já kí ìyá Ọdúntán tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ìyá Ọdúntán náà sọ fún ọmọ tirẹ̀ pé òun ni òun lọ fi omi gbígbóná wẹ ìyá mi lọ́jọ́ tó bí mi, Ọdúntán sì wà lẹ́yìn òun. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá méjèèjì purọ́. Ìyá mi kì í purọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi wá sílé ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì, kò sí ìwé ọjọ́ ìbí. Tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án ti tó ilé ìwé í lọ. Ọwọ́ Ọdúntán kan etí, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kò kàn án. Ọwọ́ kúkurú wà nínú ìdílé wa, ẹ wo àwọn ọmọ mi. Tíṣà ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo fi dé, Ọdúntán ti wà ní kíláàsì tó ṣáájú tèmi, wọ́n sì ní kí n máa pè é ní sínyọ̀. Mo fara dà á títí dé Sítáńdáàdì Kejì. Lọ́jọ́ tí tíṣà kó pàṣán lé e lọ́wọ́ pé kí ó nà mí nítorí mo pẹ́ dé, mo gbé síléètì mi kalẹ̀, mo gba ọ̀nà oko lọ. N ò padà mọ́. Inú Bíbélì àti ìwé orin ni mo ti kọ́ ìwé tó kù.

Láti ọjọ́ náà, “ìwọ” ni mo ń pe Ọdúntán, “ìwọ” ni òun náà ń pè mí. N kì í kọ́kọ́ kí i. Òun náà kì í kọ́kọ́ kí mi. Tí a bá pàdé lọ́nà, a ó dúró títí ọ̀kan nínú wa yóò fi wúkọ́.

Obì ni iṣẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni lè gbin obì, ṣíṣà rẹ̀ ló le. Kòkòrò kan wà tó máa ń lu ihò sára obì, ihò náà kò sì ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Tí ẹyọ kan tó ní kòkòrò bá bá àwọn yòókù wọ agbọ̀n, kò ní pẹ́ tí gbogbo agbọ̀n náà yóò fi di ìyẹ̀fun. Torí náà, lẹ́yìn tí a bá ti pa obì, tí a bó o, tí a sì fọ̀ ọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ olóbì abúlé wa ti fi mí ṣe olórí iṣẹ́ yẹn tipẹ́tipẹ́. Alhaja Ràṣídátù, tó máa ń wá láti Òṣogbo wá ra obì tó ń kó lọ sí Òkè Ọya, kì í tú agbọ̀n wa wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi wá: “Ṣé Baba Cornelius ló ṣà á?” Tí wọ́n bá ti dáhùn pé èmi ni, ó tán.

Nígbà tó yá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, bí ẹni tó ń wo òde láti inú ilé ìdáná. Mo ní èéfín ni. Nígbà tí a kò dáná mọ́, mo ní ọyẹ́ ni. Funfun ti bo ẹyinjú mi, gbogbo abúlé ló rí i, èmi nìkan ni n kò rí i. Mo sì ń ṣa obì lọ.

Lọ́jọ́ kan, Alhaja Ràṣídátù fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ wá, ó ní kí wọ́n sọ agbọ̀n kan kalẹ̀ níwájú mi.

“Sùbùhánálláhì! Baba Cornelius, kí lẹ fi ránṣẹ́ sí mi? Obì ni àbí gààrí?”

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, mo gbọ́ ohùn Ọdúntán lẹ́yìn èrò. “Alhaja, ẹ má bínú sí i. Kòkòrò yẹn wá, ó kí i pé ẹ kú iṣẹ́, Cornelius ní ẹ kú àbọ̀, ó sì fún un ní àga.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi kò gbàgbé ẹnì kankan nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ògúnmọ́lá, alága ẹgbẹ́ wa, kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní kò sẹ́ni tó máa jẹ́ olórí títí obì tuntun yóò fi dé. Tó bá dé, a ó pàdé ní àgbàlá òun, ẹni tí ojú rẹ̀ bá ríran jù ni yóò máa ṣa obì fún ẹgbẹ́. Ọdúntán ní òun fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú tirẹ̀ náà ti funfun bí ẹ̀kọ. Ó kàn gbọ́n débi pé kò fọwọ́ kan obì ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n kéde nílé ìjọsìn pé dókítà ojú kan ní Òṣogbo ń wá àwọn tí funfun bo ojú wọn, pé ìwádìí ni wọ́n ń ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo ní n kì í ṣe eku tí wọ́n máa fi dánra wò. Susannah ìyàwó mi kò bá mi jiyàn. Ó kàn gbé àwo ọbẹ̀ síwájú mi, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ki òkèlè bọ ẹ̀gbẹ́ àwo.

“Baba Akínkúnmi,” ó ní, “ọ̀la ni a máa lọ.”

A lọ. A wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbòkun dé Òṣogbo. Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn náà, mo gbọ́ ikọ́ kan tí mo mọ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.”

“N ò ní ẹ̀gbọ́n láyé yìí. Ọdúntán, kí lo wá ṣe níbí? Ìwọ tó ní ojú rẹ dá ṣáká.”

“Ìyàwó mi ni mo sìn wá.”

“Níbo ló wà?”

Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Mo gbọ́ ohùn obìnrin níwájú rẹ̀ gan-an. “Èmi rèé o, Baba Ìdòwú.” Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ara mi yá gágá. Mo ní ọjọ́ yìí máa dáa.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, Adétutù ni orúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ó jókòó sáàárín wa bí ọmọ ilé. Ó ní ọ̀nà méjì ni àwọn fi ń ṣiṣẹ́ abẹ fún irú ojú tiwa. Ti àtijọ́: wọ́n á yọ ohun tó di funfun nínú ẹyinjú kúrò, wọ́n á sì fún ènìyàn ní awò ojú tó nípọn bí ìdí ìgò láti máa fi ríran. Ti tuntun: wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á wá fi awò kékeré kan, tí kò ju ẹ̀wà lọ, sínú ẹyinjú gan-an. Ibẹ̀ ni yóò máa gbé.

“Èwo ló dáa jù?” Susannah béèrè.

“Mà, ohun tí à ń wádìí gan-an nìyẹn. Àwọn òyìnbó ní tuntun ni. Ṣùgbọ́n òyìnbó kì í gun igi obì, kì í jókòó sídìí iná igi, kì í sì í fi omi odò bọ́jú. Èwo ló máa bá àwọn èèyàn tiwa mu jù, kò sẹ́ni tó tíì jókòó kó fi méjèèjì wéra níbí.”

“Ẹ jẹ́ kí oníkálukú mú èyí tó wù ú nígbà náà,” mo ní.

“Baba, tí wọ́n bá fún yín ní ajílẹ̀ tuntun, tí ẹ wá dà á sídìí àwọn igi obì tó wà létí odò nìkan, tí wọ́n so wọ̀ǹtìwọnti, ṣé ajílẹ̀ ló ṣe é ni àbí odò?”

Ọ̀rọ̀ náà yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

“Tí mo bá ní kí ẹ mú,” ó ní, “àwọn tó láyà, tí ara wọn ṣì le, ni yóò mú tuntun. Tí ojú wọn bá wá dáa, mi ò ní mọ̀ bóyá awò ló ṣe é ni àbí ara wọn. Gègé ni a máa ṣẹ́. Gègé kì í mọ ojú.”

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Phebe kó àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa jáde, wọ́n ti kọ ọ̀nà kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdúntán ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ta ló kọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Ẹni tó kọ ọ́ ti mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe gègé.”

“Òótọ́ ló sọ,” mo ní. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbè é lẹ́yìn. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn àgbẹ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti ń sọ pé àwọn náà kò fẹ́ ìwé, ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣẹ́ gègé.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, tí kò bá ṣáà ti ní sí ẹni tó lè yọjú wo ohun tó fẹ́ mú. Wọ́n wá bọ́tìnnì dúdú àti funfun tí wọn kò fi tóbi jura wọn lọ, iye kan náà, wọ́n dà wọ́n sínú àpò aṣọ kan tó jìn. Dúdú ni awò ojú, funfun ni awò inú ẹyinjú. Ẹni tó bá ti mú, kò sí pé ó ń dá a padà.

“Ó yá,” nọ́ọ̀sì Phebe ní, “ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ mú.”

Kò mọ ohun tó fẹnu fà. Èmi àti Ọdúntán jọ dìde.

“Jókòó,” mo ní. “O ò gbọ́ pé àgbà ni wọ́n pè?”

“Mo gbọ́. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn.”

“Ẹ̀yin baba, ọdún wo ni wọ́n bí yín?”

“Ọdún eéṣú,” àwa méjèèjì jọ dáhùn.

“Ìgbà wo nínú ọdún náà?”

“Kí eéṣú tó dé,” Ọdúntán ní.

“Kí eéṣú tó gbéra nílé,” mo ní.

Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Dókítà ní ẹ jọ̀ọ́, aláìsàn ṣì pọ̀ níta. Bí Ọdúntán ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ àti omi gbígbóná, mo tọwọ́ bọ àpò. Mo fa ọ̀kan yọ, mo gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i pé èmi ni mo kọ́kọ́ mú.

“Dúdú,” nọ́ọ̀sì ní. “Awò ojú.”

Ọdúntán tọwọ́ gígùn rẹ̀ yẹn bọ inú àpò, ó fà á yọ. Funfun.

Ìnira wo ló jùyẹn lọ? Tí mo bá ti jókòó, bóyá òun ni ì bá mú dúdú. Òun náà mọ̀. Ó rìn súnmọ́ mi, ó ń ta bọ́tìnnì náà bí ẹni ń ta òkòtó.

“Cornelius, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́. Sọ pé, ‘Ẹ̀gbọ́n Ọdúntán, ẹ ṣàánú mi,’ kí n fún ọ ní funfun yìí.”

Dókítà ti ń la ẹnu láti sọ pé kò sí pàṣípààrọ̀, ṣùgbọ́n mo ti dáhùn kó tó sọ ọ́. “Kàkà kí n pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n fi ìdí ìgò méjì há mi lójú.”

Wọ́n sì fi há mi lójú.

Iṣẹ́ abẹ náà kò le tó bí mo ṣe rò. Ojú kan ni wọ́n ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa tú aṣọ tí wọ́n fi dì wá lójú, bẹ́ẹ̀dì èmi àti ti Ọdúntán kọjú síra. Wọ́n tú tirẹ̀, wọ́n tú tèmi, wọ́n sì gbé awò kan kọ́ mi létí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí láyé tuntun yìí ni baba arúgbó kan tó hun jọ bí ewé obì tó gbẹ.

“Ta ni baba yìí?” mo béèrè.

“Ìwọ wo ni baba? Ah! Cornelius! Níbo ni irun rẹ lọ?”

“Ọdúntán! O ti hu ewú!”

“Mo ti gbó, àbí? O wá rí i báyìí pé mo jù ọ́ lọ.”

“Ìyà ló mú ọ gbó, kì í ṣe ọdún.”

Nọ́ọ̀sì Phebe rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun kan dùn mí tí n kò sọ. Awò náà ń mú kí nǹkan tóbi. Ọdúntán tóbi lójú mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí mo délé ni mo tó mọ ohun tí bọ́tìnnì dúdú fi ṣe mí. Adìyẹ tóbi bí tòlótòló. Susannah gbé iyán kalẹ̀, mo rí òkè, inú mi dùn, mo fọwọ́ kàn án, ó padà di iyán tí mo mọ̀. Mo ń bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Àtẹ́rígbà tẹ̀ bí ọrun, mo sì fi orí gbá a. Ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kì í rí i àfi tó bá dé iwájú mi tán, bí ẹni pé ó fò jáde láti ẹ̀yìn ògiri.

Ọdúntán wá ń gba iwájú ilé mi kọjá láràárọ̀, bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn lábúlé. Kò sí awò lójú rẹ̀. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń súfèé.

“Cornelius, àgbò kan ń bọ̀ lápá òsì rẹ o!”

Mo fò sọ́tùn-ún. Kò sí àgbò.

Mo bínú sí dókítà, mo bínú sí bọ́tìnnì. Susannah kò gbè mí. “Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ̀yin ni àgbà? Àgbà ló kọ́kọ́ mú.” Mo bínú sí òun náà. Obì tuntun ti ń pọ́n lórí igi. Tí n kò bá rí kòkòrò lọ́jọ́ tí a máa pàdé ní àgbàlá Ògúnmọ́lá, Ọdúntán ni yóò jókòó sídìí obì mi, gbogbo Òṣogbo yóò sì máa béèrè pé, “Ṣé Baba Ọdúntán ló ṣà á?” Mo rò pé ó sàn kí n fọ́jú padà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú, mo ń bó obì níwájú ilé. Òógùn mú kí awò náà yọ̀ wá sí góńgó imú mi. Mo fẹ́ tì í padà, ṣùgbọ́n obì wà lọ́wọ́ mi ọ̀tún, èèpo wà lọ́wọ́ mi òsì. Mo wo obì náà bẹ́ẹ̀.

Mo rí ihò. Ihò náà fẹ̀ lójú mi bí ihò òkété.

“Ìyá Akínkúnmi! Wá wo kòkòrò! Ó ń wò mí!”

Susannah sáré jáde. Ó gba obì náà, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Ó là á. Kòkòrò náà jókòó sí àárín rẹ̀, kékeré, ó sanra. Mo ti awò padà sókè, ihò obì tó kù pòórá. Mo fà á wá sí góńgó imú, ihò padà dé. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń tì í sókè, mò ń fà á wálẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. N ò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí Ọdúntán kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú irọ́ àgbò rẹ̀, mo tún fò sọ́tùn-ún, kí ó lè máa gbádùn ara rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbogbo olóbì pé jọ sí àgbàlá Ògúnmọ́lá. Ọdúntán dé, ó dúró, ó gbójú sókè.

“Ẹ wo ẹ̀gà yẹn,” ó ní, “lórí ọ̀pẹ tó wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn odò. Ó gbé koríko sẹ́nu.”

Àwọn ọ̀dọ́ sáré lọ wò ó, wọ́n ní òótọ́ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi kò tilẹ̀ rí ọ̀pẹ náà.

Ògúnmọ́lá da obì kalẹ̀ níwájú wa lọ́gbọọgba, ó ní ká yọ èyí tó ní kòkòrò kúrò. Mo fa awò mi sí góńgó imú, mo bẹ̀rẹ̀. Ọdúntán gbé obì súnmọ́ ojú, ó ṣẹ́jú. Ó tì í sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún tì í sẹ́yìn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tán pátápátá, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lójú mi, ó padà di ọmọ kékeré tó dúró níwájú tíṣà.

“Ọdúntán,” mo ní, “nà án sí i. Ọwọ́ tó kan etí lọ́jọ́sí, ṣé kò wá gùn tó láti rí obì?”

Àwọn àgbà tó mọ ìtàn náà dì mọ́ra wọn. Kódà ìyàwó Ọdúntán bojú rẹ́rìn-ín.

Wọ́n la obì wa. Kòkòrò wà nínú èyí tí Ọdúntán ní ó dára, kì í ṣe ẹyọ kan. Kò sí ọ̀kan nínú tèmi. Ògúnmọ́lá di ọwọ́ mi mú, ó gbé e sókè, ó ní olórí ti padà dé. Ọdúntán ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ó yẹ kí ìtàn tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n odò kan wà láàárín abúlé wa àti títì, igi kan ṣoṣo ni wọ́n dá lé e. Nígbà tí a ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, omi rẹ̀ ti fà, inú rẹ̀ la gbà kọjá, ṣùgbọ́n ó ti kún báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa gbé obì lọ, Alhaja Ràṣídátù ti ránṣẹ́ pé lẹ́yìn ti gààrí ọjọ́sí, òun kò ní gba agbọ̀n kankan àfi tí ẹni tó ṣà á bá dúró níwájú òun tú u. Gbogbo èrò kọjá pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ọdúntán kọjá láìwo ẹsẹ̀. Ó ku èmi àti Susannah.

Mo gbé ẹsẹ̀. Igi náà wà nítòsí, ó sá lọ, ó tún padà wá. Omi dà bí ohun tó ga dé orúnkún mi. Ẹsẹ̀ mi tẹ afẹ́fẹ́, Susannah fà mí padà ní aṣọ. Lókè títì, dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè ọkọ̀.

“Cornelius!” Ọdúntán kígbe láti òdìkejì. “Pè mí ní ẹ̀gbọ́n kí n wá fà ọ́! Ọkọ̀ ń lọ!”

“Jẹ́ kó lọ.”

“Baba Akínkúnmi,” Susannah ní, “obì gbogbo abúlé ni o!”

Mo jókòó sórí gbòǹgbò. Inú mi bà jẹ́, ṣùgbọ́n mo jókòó. Ohun tí n kò sọ nítorí ojú mi, n kò ní sọ ọ́ nítorí obì.

Susannah sọ agbọ̀n orí rẹ̀ kalẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n bi yín,” ó ní. “Láàárọ̀ báyìí, tí ìrì bá wà lójú ọ̀nà, ta ni ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà máa ń tì síwájú?”

“Ọmọdé ni. Ọmọdé ló ń gbọn ìrì fún àgbà.”

“Ṣé ìrì ò sí lójú ọ̀nà ni?”

Mo wolẹ̀. Ìrì wà lórí koríko, ó wà lórí igi náà, ó ń dán lójú mi bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo dìde.

“Ọdúntán!” mo pè é. “Padà wá, wá gbọn ìrì níwájú mi!”

Ó dúró. Mo mọ̀ pé ó ń rò ó. Dẹ́rẹ́bà tún fọn fèrè.

“Mo ń bọ̀,” ó dáhùn, “nítorí ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń ṣáájú, àgbà ló sì mọ ọ̀nà!”

Ó padà wá. Ó na ọ̀pá kan sí mi, mo di ìdí rẹ̀ mú, ó di orí rẹ̀ mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.

“Rọra, àbúrò,” ó ní nígbà tí a dé àárín.

“Gbọn ìrì, ọmọdé,” mo ní.

Ní Òṣogbo, mo tú agbọ̀n àkọ́kọ́ níwájú Alhaja Ràṣídátù, ó fọwọ́ kó obì, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. “Màṣà Allah! Ṣé Baba Cornelius ló ṣà á?”

“Òun ni,” ẹnì kan dáhùn kí n tó la ẹnu. Ọdúntán ni.

A kò tíì parí ìjà o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń wo obì rẹ̀ fún un, òun ló ń mú ọ̀pá níwájú mi, oníkálukú sì mọ ìdí tó fi wà níbi tó wà.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Dókítà Adétutù pe gbogbo wa padà sí Òṣogbo láti sọ ibi tí ìwádìí já sí. Ó ní awò inú ẹyinjú ló borí. Àwọn tó ní in ń dá rìn, wọ́n ń dá lọ sóko. Nínú àwa aláwò ojú, ọ̀pọ̀ ni awò wọn ti fọ́ tàbí tó ti sọnù, ewúrẹ́ tẹ ti ẹnì kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti padà di afọ́jú. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo rántí igi orí odò, n kò lè sọ pé irọ́ ni.

“Ẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀,” mo ní, “pé ti obì ṣíṣà, dúdú ló dáa jù.”

“Màá kọ ọ́, Baba, pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.” Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn máa ṣe ojú kejì fún ẹni tó bá fẹ́, tuntun ni gbogbo ènìyàn máa gbà báyìí, kò sí gègé mọ́. Ó ní kí n má sọ awò mi nù, kí n máa fi wo obì. Mo ní mo fẹ́ ẹ. Ọdúntán ní òun náà fẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì Phebe ṣí ìlẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ti gbàgbé wa, àbí kò gbàgbé, mi ò mọ̀.

“Ó yá,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ wọlé.”

Ẹnu ọ̀nà náà kò fẹ̀ tó ènìyàn méjì, ṣùgbọ́n a gbìyànjú rẹ̀.